Pípa àti Kíkú: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Títi Ètò Ìpìlẹ̀ Pa Kọ̀ǹpútà

Ní etíkun Àgbádárìgì, apẹja tí ó bá gúnlẹ̀ a máa pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí epo bá tán láàrin agbami, ẹ́ńjìnnì náà kú ni. Pa jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀, ó sì ní olùṣe. Kú kò gba àbọ̀, kò sì tọ́ka sí olùṣe kankan. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń túmọ̀ ìwé kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí a pa bí ó ti yẹ ti kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Èyí tí ó kú lójijì lè sọ ọ́ nù.

Ètò ìpìlẹ̀ ni àkójọ àṣẹ tí a kọ sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú ètò olùdarí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń lo ọpọlọ Arm, ìlànà PSCI ni ètò méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni pípa ní. Èkíní, ètò olùdarí yóò dá àwọn iṣẹ́ dúró, yóò sì kọ ohun tí ó wà nínú iyè ẹ̀rọ sí ibi ìpamọ́. Èkejì, yóò ké sí ètò ìpìlẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ SYSTEM_OFF, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0x84000008. Ẹ̀kẹta, ètò ìpìlẹ̀ yóò pàṣẹ fún ẹ̀yà tí ń pín iná pé kí ó gé e. Àṣẹ yìí kì í dá èsì padà, nítorí pé bí ó bá ṣẹ, olùpàṣẹ pàápàá kò sí mọ́ láti gbọ́ ọ.

Bí olùtúmọ̀ bá fi pa nìkan túmọ̀ gbogbo àṣẹ tí ó jọ èyí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣìnà. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè yanjú rẹ̀:

(a) pípa-pátápátá: SYSTEM_OFF; gbogbo ẹ̀rọ ni a pa.
(b) pípa-ọpọlọ: CPU_OFF, ọpọlọ kan ni a pa, òmíràn sì lè pàṣẹ kí a tún un tàn.
(d) ìmúsùn: CPU_SUSPEND; ọpọlọ sùn, àmì kan ni yóò jí i.
(e) àpatúntàn: SYSTEM_RESET, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.
(ẹ) kíkú: iná lọ láìròtẹ́lẹ̀, kò sí àṣẹ kankan.

Nínú kíláàsì, ìbéèrè méjì tó láti yan ọ̀rọ̀ tí ó tọ́: ta ni ó pàṣẹ, kí sì ni yóò mú ohun tí a dá dúró padà bọ̀ sípò? Níbi tí kò bá ti sí olùpàṣẹ, kí a má ṣe kọ pípa.