Ẹ Kọ Èèwọ̀ Ẹ̀rọ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Kọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Odògbolú tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ sínú PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ yín yá ju tiwa lọ, mo gbà. Àmọ́ oníbàárà kì í tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹ ti ń kọ àṣẹ. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ohun tí kò yẹ, ẹ ó lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá tún ṣe òmíràn, ẹ ó tún lẹ òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú changeover tó ń dá ṣiṣẹ́, irú èyí tó ti wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù láti ọ̀dọ̀ wa níbí títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Contactor méjì, ìyẹn switch tí iná fúnra rẹ̀ ń so tó sì ń tú, ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún iná NEPA (IBEDC ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, ẹnu wa ni kò tíì gbà á), èkejì fún jẹnẹrétọ̀. Èèwọ̀ tó ga jù níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ so mọ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá so pọ̀, iná jẹnẹrétọ̀ á gba wáyà jáde sí títì, á gba ẹ̀yìn wọ transformer, 230 volt tó kúrò nílé á sì di 11,000 lórí òpó. Òṣìṣẹ́ tó gun òpó, tó ti gbà pé kò síná, á bá a lọ.

Ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, W. Murray Wonham àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Peter Ramadge, la ọ̀nà kan tí a lè fi mú kí ẹ̀rọ pa irú èèwọ̀ yìí mọ́. Ìwé wọn tó lókìkí jáde ní 1987. Wọ́n ní kí ẹ kọ nǹkan méjì sílẹ̀: gbogbo ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe bí a bá fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni yóò ṣírò olùdarí, ìyẹn àwọn àṣẹ tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà, jáde láti inú méjèèjì.

Ibi tí ọgbọ́n náà wà ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ya ohun tó wà níkàáwọ́ yín sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò sí níbẹ̀. Ẹ lè tan jẹnẹrétọ̀, ẹ lè pa á, ẹ lè ní kí contactor so tàbí kó tú. Ṣùgbọ́n kí NEPA mú iná lọ, kí wọ́n dá a padà, kí epo tán, kí contactor lẹ̀ pa nígbà tí ẹ ní kó tú, ta ni yóò dá wọn dúró? Ohun tí ẹ kò bá lè dí lọ́nà, ìgbésẹ̀ tiyín tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ dí. Ẹ kò lè ní kí NEPA má dá iná padà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ so mọ́ ilé àfi bí contactor NEPA bá ti fi hàn pé òun tú lóòótọ́. Pé ẹ ti pàṣẹ kó tú kò tó. Àbùlẹ̀ máa ń fo ibẹ̀ yẹn. Kọ̀ǹpútà kì í fò ó, bí ẹ bá ti kọ ọ́ fún un pé contactor lè lẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣòfin pé NEPA kò gbọdọ̀ mú iná lọ lóru, yóò sọ fún yín gbangba pé kò sí olùdarí tó lè mú un ṣẹ. Mo fẹ́ràn òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ju ti oníṣẹ́ tó ń sọ fún oníbàárà pé kò séwu.

Ẹ má sì fi èèwọ̀ dè é pa o. Ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan kò rú òfin kankan, ṣùgbọ́n iná wà níta, jẹnẹrétọ̀ ò ṣàìsàn, ilé sì ṣókùnkùn! Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi ní kí ẹ̀rọ lè parí iṣẹ́ rẹ̀ láti ibikíbi tó bá dé, kí olùdarí má sì dí ju ohun tó pọn dandan lọ.

Ní Nẹ́dálándì, Rijkswaterstaat tó ń bójú tó odò àti òpópónà ìjọba ti bá Yunifásítì Eindhoven ṣiṣẹ́ lórí irú olùdarí bẹ́ẹ̀ fún afárá àti fún ìlẹ̀kùn omi tó ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, irú èyí tó wà ní Kainji tiwa. Wọ́n ti fi darí afárá Oisterwijksebaan, tó ń yí kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Ènìyàn ò lè fi ọwọ́ yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò tán: nǹkan mẹ́wàá tó lè tàn tàbí kú ń bí ipò 1,024, ogún ń bí èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Ohun tí ẹ bá kọ fún kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé pé epo ń tán, olùdarí yín náà ò ní mọ̀. Ẹ lọ bi ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ náà lójoojúmọ́ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ọ̀fẹ́ ni CIF, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Eindhoven fún irú ìṣírò yìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà á, ẹ fi changeover ilé yín bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kó èèwọ̀ rẹ̀ wá fún mi wò kí ẹ tó náwó lé contactor.