Sí Àdùkẹ́, Lórí Ọ̀rọ̀ Wíwá Sílé Ọdún

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé eyín ọmọ ti yọ? Ìyá rẹ kí ọ, ará Òsí kí ọ, Bàbá Ìlọ́fà náà ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Iṣu ti jáde, owó ọkọ̀ ni kò jẹ́ ká jèrè rẹ̀.

Má bi mí pé ta ló sọ fún mi pé ọkọ rẹ ń lù ọ́. Ìwọ tó yẹ kó o sọ kò sọ. Gbogbo ìgbà tá a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, "Dáadáa ni, mà" lò ń wí. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo ti sọ̀rọ̀ nípa ìdílé ọkọ rẹ nígbà ìdána, ẹ ní àgbà ló ń dà mí láàmú.

Wọ́n ní nítorí físà lo ṣe ń fara dà á, pé ọkọ rẹ ní bó o bá lanu, òun á kọ̀wé sí Home Office ní Ìlú Ọba níbẹ̀, wọn á sì dá ọ padà. Irọ́ ni. Ọmọ Olú tó ń ṣe lọ́yà ní Ìlọrin bá mi wádìí. Láti 2002 ló ti wà nínú òfin ìwọ̀lú wọn: ẹni tó bá físà ọkọ tó jẹ́ ọmọ ìlú wọlé, tí ìyà sì tú ìgbéyàwó náà ká, lè béèrè fún ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní indefinite, ìwé àti máa gbé ibẹ̀ títí, kò dìgbà tó bá pé ọdún 5. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè kọ́kọ́ gba àyè oṣù 3, kó máa fi gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba. (Ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ẹni tó lọ ṣiṣẹ́, oṣù 3 yẹn nìkan ló lè rí gbà, ọpẹ́ ni pé ti ọkọ tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀.) Kì í ṣe lílù nìkan ni wọ́n sì ń kà: òfin 2021 ka fífi owó duni àti dídẹ́rù bani mọ́ ọn. Lẹ́tà dókítà, ìwé ọlọ́pàá, ìwé kóòtù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó pọ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ò ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ilẹ̀kùn ló gbá ọ, ta ni yóò jẹ́rìí rẹ?

O kéré nígbà tí Ìbídùn sá wálé láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Òmù-Àrán, tó fi gèlè bo etí òsì. Èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀ padà, tí mo kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀. Mo rò pé ilé ni mò ń tún ṣe. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò dúró sí. Bó bá yí orí sí mi lọ́jà, n kì í lè wò ó lójú.

Kérésì tí ọkọ rẹ ní kẹ́ ẹ wá ṣe nílé yìí ló bà mí lẹ́rù jù. Irú wọn á mú ìyàwó wálé, á gba páàsìpọ́ọ̀tù rẹ̀, á já a jù sílẹ̀, á padà. Láti January 2024 ni òfin wọn ti gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé láti ibi tí wọ́n fi í sí, ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ jókòó sí Òsí kó o máa wá ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Manchester? Má bá a wá. Ìyá rẹ á sunkún. Èmi ni n ó bá a sọ ọ́.

Lọ rí dókítà, kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Bí ọkọ rẹ bá gbọ́wọ́ sókè, pe 999. Kó páàsìpọ́ọ̀tù rẹ àti ti ọmọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe àbúrò ọkọ rẹ o. Bí ọkọ rẹ bá ti jáde ní Sunday, pè mí. N kò ní lọ ìpàdé.

Èmi ni,
Màámi Ìlọ́fà