Ká Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ilé là á wò, ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orúkọ ló ń ṣáájú: "olórí kunkun", "aláriwo", "olódo". Kí sáà kan tó parí, orúkọ náà ti mọ́ ọmọ lára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń fi pè é.

Bẹ́ẹ̀ ilé ọmọ kò jìnnà. Ní Ọ̀fà Garage, ní Ìlọrin, ìdájí ni agbèrò ti ń ké "Ọ̀fà! Àjàṣẹ́!", tí fèrè ọkọ̀ ń dún, tí ìyá ń pariwo kí oníbàárà tó gbọ́ iye ọjà. Ọmọ tó dàgbà síbẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò dá a lóhùn. Ohùn yẹn ló gbé wọ kíláàsì. Ẹnì kejì ti ilé kéú dé lálẹ́, ó sì bá ìyá rẹ̀ gbé igbá ọjà jáde láàárọ̀ kó tó wọ aṣọ ilé ìwé. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tó ti sùn sórí tábìlì, pàṣán kò sì lè wo oorun sàn. Ẹnì kẹta kì í pariwo, kì í sùn, ṣùgbọ́n kì í dáhùn. Fulfulde, Nupe tàbí Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tíṣà ń sọ.

Ti ẹnì kẹta yìí ló dunni jù, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì di iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà mọ ìwé ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò sì kẹ́yìn. Kí tíṣà tó pe ọmọ ní olódo, kó kọ́kọ́ fi èdè ilé rẹ̀ bi í.

Ìwé pélébé kan nínú àpò tó fún ìyókù. Kí tíṣà kọ ọjọ́, aago, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìwà náà tó wáyé. Bí ìjà bá ń bẹ́ sílẹ̀ ṣáá kí wọ́n tó jẹun, kó wádìí ebi. Bí ariwo bá ń sọ nígbàkígbà tó bá kọjú sí bọ́ọ̀dù, ọwọ́ àwọn ọmọ ló dilẹ̀. Jacob Kounin, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1970 pé ọ̀nà ìbáwí kọ́ ló ń fi tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ tòrò hàn. Ohun tó ti ṣe ṣáájú ni: ojú rẹ̀ ń ká gbogbo yàrá, iṣẹ́ kì í sì í dá dúró.

Pàṣán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbà á ní òun ló kọ́ àwọn. Àmọ́ ní Luwero, ní Uganda, wọ́n yẹ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 42 wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2015. Níbi tí tíṣà àti ọmọ ti jọ lo ètò tí ẹgbẹ́ Raising Voices ṣe láti dẹ́kun lílu ọmọ, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ló sọ pé òṣìṣẹ́ ilé ìwé lu àwọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìwádìí náà. Níbi tí wọn kò ti lò ó, ìdá 49 ni. Ẹ̀kọ́ àwọn tó lo ètò náà kò torí ẹ̀ rẹlẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Kí ti òsì jẹ́ ní kọ̀rọ̀, kí ti ọ̀tún jẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Tíṣà nìkan kò lè dá kíláàsì ṣe. Kí ọmọ olóhùn gooro máa ṣáájú wọn nínú kíka òǹkà. Kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀ máa pín ìwé, kó máa nu bọ́ọ̀dù. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn fi òfin mẹ́rin tàbí márùn-ún lélẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí tíṣà fi oríkì kí wọn: "Àbẹ̀kẹ́, màmá ńkọ́?" Láti 2022 ni ètò KwaraLEARN ti ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ tíṣà ìjọba ní Kwara. Ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́ tó kàn, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ kò jẹun.

Ìyá rẹ̀ mọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹjọ́ nìkan ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ pè é, kò ní sọ ọ́. Kí tíṣà yà sọ́dọ̀ rẹ̀ níbi tó pàtẹ sí, kó kọ́kọ́ ròyìn ohun kan tí ọmọ ṣe dáadáa, kó tó béèrè aago tí ọmọ ń sùn. Ọ̀sán lẹ́yìn ìwé ló dára jù, kí èrò ìrọ̀lẹ́ tó ya dé gáréèjì.