BÍ BÁŃKÌ BÁ GBA ILÉ TÍ A Ń YÁ GBÉ

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa ní Òjọ́tà, nítorí pé ilé àyágbé ni a ń gbé, ìbáà ṣe yàrá kan nínú fésì-mi-áì-fésì-yú tàbí rúùmù àti pálọ̀. A san owó ọdún kan, ọkàn wa balẹ̀. Ní ọjọ́ kan, a jí bá ọ̀dà pupa lára géètì pé báńkì ti gba ilé. Láńdílọ́ọ̀dù kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti fi ilé dógò.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Ẹni tí ó fẹ́ yá owó ńlá ní báńkì yóò fi ìwé ilé rẹ̀ sílẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, àti ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé ìdógò tí gómìnà kò fọwọ́ sí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá pé, tí onígbèsè kò sì san, báńkì lè ta ilé náà láì gba kóòtù lọ. AMCON, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2010 láti ra gbèsè tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì, náà ti gba ọ̀pọ̀ ilé.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a ta ilé, ọ̀tọ̀ ni kí a lé ayálégbé jáde. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé, èwo ló ṣáájú? Bí a bá ti ń gbé inú ilé kí láńdílọ́ọ̀dù tó fi dógò, báńkì bá wa níbẹ̀ ni, ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ báńkì náà bá wa níbẹ̀. Ó di dandan kí ó fara mọ́ àdéhùn wa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fíkíhì sọ ohun tó jọ èyí nípa ìjárà, pé títà kò tú ìyágbé, kí olùrà dúró di ìgbà tí àkókò bá pé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìdógò ni a wọlé, tí báńkì kò mọ̀ sí i, ọwọ́ wa kò le tó bẹ́ẹ̀, láńdílọ́ọ̀dù ni a ó bi léèrè owó tó kù. Nítorí náà, déètì orí rìsíìtì ṣe pàtàkì púpọ̀. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì. Súrà Al-Baqarah ẹsẹ 282 sì ti kọ́ wa láti máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé àwa Mùsùlùmí ṣì ń san owó ilé lọ́wọ́ sí ọwọ́ fún éjẹ́ńtì láìgba ìwé kankan.

Òfin 2011 yẹn yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n Òjọ́tà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san lóṣooṣù yóò gba nótíìsì oṣù 1, ẹni tó ń san lọ́dọọdún yóò gba ti oṣù 6. Lẹ́yìn náà, nótíìsì ọjọ́ 7, kí wọ́n tó lọ sí kóòtù. Ẹni tí ó bá fi ipá lé ayálégbé láìsí àṣẹ kóòtù lè san ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tó tó oṣù 6. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àìmọye ilé bọ́ sọ́wọ́ báńkì, òfin 2009 fún irú àwọn ayálégbé bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 90 ó kéré tán.

Bí lẹ́tà bá dé pé kí a máa san owó ilé fún báńkì, kí a má ṣe jù ú nù. Kí a béèrè ẹ̀dà ìwé tó fún wọn láṣẹ, kí a sì fi han lọ́yà. Bí àṣẹ náà bá jẹ́ òótọ́, owó tí a bá tún fún láńdílọ́ọ̀dù lè má gbà wá sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́yà lè lọ sí Citizens Mediation Centre tàbí Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ó mú rìsíìtì, ìwé àdéhùn àti lẹ́tà báńkì dání.