Bí A Bá Ń Sunkún Ilé-Ìwé Ìjọba, Ká Máa Ríran

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìfàkò-Ìjàyè: kíláàsì kún jù, tíṣà kò tó, bẹ́ǹṣì ti kán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí omijé kò jẹ́ ká rí. Iye ọmọ tó wà nínú rẹ́jísítà yàtọ̀ sí iye ọmọ tó lè ṣí ìwé, kó kà á, kó sì yé e. Èyí àkọ́kọ́ ni ìjọba fi ń yangàn, àwa òbí náà á sì fọkàn balẹ̀ nítorí pé ọmọ ti wọ yúnífọ́ọ̀mù jáde láàárọ̀. Èkejì ni mo fẹ́ kí òbí máa béèrè, kó sì béèrè rẹ̀ kí ọmọ tó kúrò ní kíláàsì kẹta, torí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 811,000. Iṣẹ́ ribiribi ni, ẹni tó bá fojú kéré rẹ̀ kò mọ iye ìdílé tó gbé dìde. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ Banjo yẹ ètò náà wò ní 1960 sí 1961, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ tíṣà ni kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá, ìmọ̀ àwọn ọmọ sì ti lọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu kí ẹni tí yóò kọ́ àwọn tó ń wọlé tó pọ̀ tó. Ní Èkó níbí, Alhaji Látéèfù Jákàńdè, tó di gómìnà lọ́dún 1979, kọ́ kíláàsì kiri, ó sì fòpin sí kí àwọn kan máa lọ láàárọ̀, kí àwọn yòókù máa lọ lọ́sàn-án. Àyè ni ìyẹn fún wa. Kíkà ṣì kù.

Òbí kan lè ní, “Ìdí tí mo fi gbé ọmọ mi lọ sí ti aládàáni nìyẹn.” Kì í ṣe òun nìkan. Ìwádìí ọdún 2010 sí 2011 ka ilé-ìwé aládàáni tó lé ní 12,000 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ìjọba kò sì tíì fọwọ́ sí. Ẹni tó bá rìn láti Ọgbà dé Ìjù àti Òbáwọlé yóò rí wọn ní oríṣiríṣi àdúgbò. Mi ò bú wọn. Àwọn kan ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí NCE ni òfin béèrè lọ́wọ́ tíṣà, ó kéré tán, ilé-ìwé olówó pọ́ọ́kú kì í sì í sábà lè san owó oṣù irú ẹni bẹ́ẹ̀. Rìsíìtì owó ilé-ìwé kò lè sọ fún ẹ bóyá ọmọ rẹ ń kàwé.

Kí ni yóò wá sọ ọ́ fún ẹ? Bí ọmọ ṣe ń kàwé lédè ilé rẹ̀ ni. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin yọ, títí kan nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, kí ló kan Yorùbá, kó fara balẹ̀. Ọmọ tí kíkà ti yé lédè ilé rẹ̀ ní ohun tí yóò gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún òbí ni pé kò sí ìyá tí kò lè yẹ kíkà ọmọ rẹ̀ wò lédè Yorùbá. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń jáde ní ìdájí lọ sí ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ọjà Agége á ní òun kò ráyè, ẹlòmíràn á ní òun kò kàwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ tó. Jẹ́ kí ọmọ ka ojú ewé kan nínú ìwé Yorùbá rẹ̀ sókè, kó pa ìwé dé, kó sì sọ ohun tó kà fún ẹ. Ìyá tí kò mọ “a” yàtọ̀ sí “b” yóò mọ̀ bóyá ìtàn náà ní orí àti ìdí. Bí kò bá ní, ma dúró de èsì òpin ọdún. Lọ bá tíṣà kíláàsì náà, kí o kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o bi í ibi tí ọmọ ti ń kọsẹ̀ àti ohun tí o lè ṣe nílé. Nígbà tí ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá dé, kí owó pátákó àti ọ̀dà tó gba gbogbo àsìkò, kí ẹnì kan dìde bi ọ̀gá ilé-ìwé pé nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, mélòó ló lè ka ojú ewé kan láìsí ìrànlọ́wọ́? Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ iye náà sílẹ̀, kí wọ́n sì tún béèrè ní táàmù tó ń bọ̀.