Ààlà Ìlọrin àti Ọtí Ìbílẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ọmọ ìyá ni àwọn Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n ààlà ìjọba amúnisìn pín wọn sí méjì. Ìlá Ọ̀ràngún bọ́ sí Gúúsù. Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Ohun tí ààlà yìí fi ojú ọlọ́tí rí ni bébà yìí gbé yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fohùn ṣọ̀kan ní Brussels pé kí ẹnikẹ́ni má kó ọtí líle wọ àwọn apá Áfíríkà tí kò tíì gbilẹ̀ sí. Jíìnì ti gbilẹ̀ létí òkun, nítorí náà owó-orí ni Gúúsù ń gbà lórí rẹ̀. Nígbà tí Lugard, ẹni tí ó ti kọ àpilẹ̀kọ tako òwò ọtí ní 1897, di alákòóso Àríwá ní 1900, ó fòfin dè é níbẹ̀. Jíìnì tí ó bófin mu ní Ìlá wá di ẹrù òfin ní Òmù-Àrán. Àánú ènìyàn dúdú nìkan kọ́ ni ó ń darí ọ̀rọ̀ náà o. Owó-orí jíìnì pọ̀ púpọ̀ nínú owó tí ń wọlé fún ìjọba Gúúsù, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ pàdánù rẹ̀. Ìsopọ̀ Àríwá àti Gúúsù ní 1914 kò sọ òfin méjèèjì di ọ̀kan.

Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 tún ka sísè ọtí líle léèwọ̀ ní ilẹ̀ amúnisìn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan adẹ́mu. Ẹmu tí ó dùn ní òwúrọ̀ ti ń kan ní ọjọ́ kejì, nítorí ìwúkàrà inú rẹ̀ kì í sinmi. Bí a bá sè é, tí a gba ooru rẹ̀, tí a sì mú un tutù, ògógóró ni yóò dà, èyí tí ó lè pẹ́ nílẹ̀, tí ó sì lè rìn jìnnà. Ẹni tí a kà á léèwọ̀ fún kò lè tajà kọjá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé kí ẹmu tó kan. Òfin lórí ìkòkò di òfin lórí ọjà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1998 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dí ọ̀nà gba owó-orí, síbẹ̀ àwọn agbowó kò kúrò lójú títì. Ọtí ilé-iṣẹ́ inú ìgò lè dúró dè wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu inú oòrùn kò lè dúró. Láti 1999 ni ìpínlẹ̀ méjìlá ní Àríwá ti bẹ̀rẹ̀ sí lo òfin Ṣàríà fún ìwà ọ̀daràn. Kwara kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ọjà ọtí dín kù lókè ọya.

Ní oṣù kẹrin 2015, ọtí tí ó ní methanol pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlé, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ìjọba fòfin de ògógóró jákèjádò Nàìjíríà. Ikú náà kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó se ọtí lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi májèlé là á, òfin náà kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ àyálò kíyèsí orúkọ pẹ̀lú: ìwé ìjọba amúnisìn máa ń pe ògógóró ní jíìnì tí kò bófin mu, bẹ́ẹ̀ ni ògógóró ti ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń sè é.