Tírélà Ológun Àtijọ́: Ẹ Mọ Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin ará wa láti Ìkìrun dé Ìníṣà títí wọ Òkukù tí ẹ fẹ́ràn àlòkù irin, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí tírélà kékeré onítáyà méjì tí àwọn sójà ti lò rí, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí Land Rover tàbí jíìpù, tó sì wù yín láti rà á, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ máa fi kó jẹnẹrétọ̀ tàbí kánópì lọ sóde àríyá, ẹ ò ṣe ohun tó burú. Irin rẹ̀ nípọn, ìdí rẹ̀ le, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ lè sọ ọ́ di ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jogún. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi mọ ibi tó ti wá àti ohun tó ṣì wà nínú rẹ̀. Ìpẹtà ni gbogbo ènìyàn ń rí lára irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ìpẹtà kọ́ ló sì ń pa ènìyàn.

N kò kọ èyí láti lé ẹnikẹ́ni sá. Ó ń dùn mí pé irin àtijọ́ tó bá ti dé àgbègbè wa, inú iná ló ń bọ́ sí. Prism Steel wà ní Ìkìrun níbí, àlòkù irin ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó wúlò ni, a ò sì bá wọn jà, àmọ́ ohun tó bá ti wọ inú iná ìléru kò tún ní ìtàn kankan láti sọ mọ́. Ẹ wo Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí nínú rẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ó wà ní mùsíọ́mù ìjọba ní Oníkàn, ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀, wọn ò dí i. Ní Umuahia, mùsíọ́mù ogun ti wà láti 1985, àwọn ọkọ̀ tí àwọn ará Biafra fọwọ́ ara wọn rọ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Ìlú bí Ìkìrun, tí ogun Jálumi ti ṣẹlẹ̀ ní 1878, yẹ kó mọyì irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara tírélà yín, èyí tí wọ́n tẹ nọ́ńbà àti ọdún sí, àti àmì ọfà tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi sára ẹrù wọn, ẹ má fi gíríńdà kàn wọ́n. Ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Àwo irin yẹn náà ni ẹ ó fi yẹ ìwé wò. Ohun ìní ìjọba ni ẹrù ológun, ọ̀nà tó sì mọ́ jù tó fi ń dé ọwọ́ ará ìlú ni gbàǹjo. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun rà á ní gbàǹjo, kó mú ìwé gbàǹjo náà jáde, kí nọ́ńbà inú ìwé sì bá ti ara irin mu. Bó bá ní ọ̀rẹ́ òun kan ní bárékè ló bá òun wá a, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí ènìyàn gba ẹrù tó mọ̀ pé wọ́n jí ni, ẹni tó bá sì rà á ní owó pọ́ọ́kú, yóò ṣòro fún un láti sọ fún adájọ́ pé òun ò fura. Ẹ mú nọ́ńbà náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tó fẹ́ fi Land Rover àtijọ́ àti tírélà rẹ̀ ránṣẹ́ nínú kọ̀ǹténà, ẹ ní kó bi àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù kó tó sanwó. Ọkọ̀ àlòkù tó bá ti lé ní ọdún 12 wà lára ohun tí Nàìjíríà ò gbà kí wọ́n kó wọlé.

Ẹ má sì fi ọ̀dà sójà kùn ún. Mo mọ̀ pé àwọ̀ yẹn ló ń wu àwọn tó fẹ́ràn nǹkan ogun jù, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kùn tiwọn bẹ́ẹ̀. Níbí, ojú tí sójà fi ń wo ará ìlú tó wọ aṣọ ológun ni yóò fi wo ọkọ̀ náà. Òfin kò fàyè gba kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ aṣọ wọn, àwọn adigunjalè àti ajínigbé tó ń fi í bojú sì ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Ẹ kùn ún ní búlúù tàbí pupa, kí ẹ gba nọ́ńbà fún un, kí ẹ máa mú ìwé rẹ̀ dání.

Àwọn kan wà nínú tírélà wọ̀nyí tó jẹ́ pé ọta àti bọ́ǹbù ni wọ́n fi ń kó. Bí ẹ bá ṣí àpótí kan lára rẹ̀ tí ẹ bá ohunkóhun níbẹ̀ tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má gbé e, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi òòlù kàn án láti mọ̀ bóyá idẹ ni. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò, kí ẹ jìnnà, kí ẹ ránṣẹ́ sí tẹ́ṣọ̀n. Ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń bójú tó bọ́ǹbù. Ní Borno, àwọn tó ń ṣa àlòkù irin ti kú nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A ò sì tíì gbàgbé ti Ìkẹjà, ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí ní bárékè bú gbàù. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì rì sínú kanáàlì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ní Bódìjà n'Íbàdàn, oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù tí wọ́n tọ́jú sínú ilé ló pa ènìyàn tó sì wó ilé onílé.

Táyà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù, pàápàá ẹ̀yin fọganáísà. Ríìmù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a mọ̀, odindi ni. Ti ọ̀pọ̀ tírélà ológun kò rí bẹ́ẹ̀. Abala méjì ni wọ́n gbé kojú ara wọn tí wọ́n fi bóòtì dè pọ̀, kó lè rọrùn fún sójà láti pààrọ̀ táyà nínú igbó. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ ó rí ọ̀wọ́ nọ́ọ̀tì méjì tó yí po. Ọ̀wọ́ ti inú ló so ẹsẹ̀ náà mọ́ ara tírélà. Ọ̀wọ́ ti ìta ló so abala méjèèjì pọ̀, òun ló sì ń di afẹ́fẹ́ mú. Àwọn ológun mìíràn a máa kun ti ìta yìí ní pupa kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í tú, ṣùgbọ́n ọ̀dà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti lè ṣí dànù. Ẹni tí kò mọ̀, tó gbé sípánà lé e nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà, ohun tó ń bọ̀ wá bá a lójú lè lágbára tó ìwọ̀n odindi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò sì ní ráyè yẹra.

Fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ síta pátápátá, kí ẹ wá fi wáyà gún ihò náà, torí ìdọ̀tí lè dí i, kí ẹ sì rò pé táyà ti ṣófo nígbà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ìgbà tó bá ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀ ni sípánà tó kàn án.

Àwọn tírélà tó tóbi ní tiwọn: òrùka irin ló ń di táyà mú sára ríìmù. Fọganáísà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ agbégilódò mọ òrùka yìí dáadáa. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ ò tíì sí nínú rẹ̀ ni yóò ti fi òòlù kàn án yíká jẹ́jẹ́, tí yóò máa fetí sí i. Ibi tó bá ti jókòó, ìró rẹ̀ á le. Ibi tó bá gbé sókè, ìró rẹ̀ á yàtọ̀. Yóò wá ti i sínú àgò irin tàbí kó fi ṣéènì dè é kó tó fẹ́ ẹ, kò sì ní dúró kojú òrùka náà. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ọmọṣẹ́ tó rí i pé òrùka kò jókòó, tó wá fi òòlù gbá a nígbà tí afẹ́fẹ́ ti wọlé. Òrùka yẹn á fò bí ọta ìbọn. Èyí tó bá ti wọ́ tàbí tí ìpẹtà ti jẹ, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà jó ríìmù nígbà tí táyà wà lára rẹ̀, kódà bí ẹ bá rò pé afẹ́fẹ́ ti tán, nítorí iná wẹ́dà nìkan tó láti mú táyà bú.

Ọ̀rọ̀ wẹ́dà náà ló kan táńkì. Bí tírélà yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń gbé epo, táńkì tó ti gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí èéfín epo tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ń retí ẹ̀ta iná kan ṣoṣo. Ó lè ti ṣófo fún ọdún púpọ̀, kó má rùn sí yín nímú, kó sì tún gbiná. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fọ̀ ọ́, yóò rọ omi kún un dé nítòsí ibi tó fẹ́ jó, yóò sì ṣí gbogbo ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá ní kò sí wàhálà, tó ń fín sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábáìdì rẹ̀, ẹ má gbé e fún un.

Ọ̀dà àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, bírékì àtijọ́ sì lè ní asbẹ́sítọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Zamfara ní 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọ wẹ́wẹ́ tó lé ní 400. Ẹ rọ omi sí ọ̀dà náà kí ẹ tó ha á, ẹ bo imú, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku bírékì, ẹ má sì ṣe é ní àgbàlá tí ọmọdé ti ń rá. Aṣọ tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá ti ọmọ wọ inú báàfù kan náà.

Ó wá ku kí ó jáde sójú títì. Òrùka tí tírélà ológun fi ń kọ́ ìdí ọkọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 76, ìkọ́ irin tó ń tì pa ni wọ́n ṣe é fún. Kò bá orí rogodo mìlímítà 50 tó wà ní ìdí ọkọ̀ ará ìlú mu rárá, okùn tàbí ọ̀pá irin tí ẹ tẹ̀ kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ̀kan kó bá èkejì mu, kí ẹ fi ṣéènì méjì kún un lábẹ́. Iná pẹ̀lú ńkọ́? Fóòtì 24 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun ń lò, 12 ni tiyín. Gílóòbù 24 tí ẹ so mọ́ bátìrì 12 á kàn máa tàn báìbáì ni, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lóru kò ní rí i títí yóò fi gbá yín. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ẹrù wá kù. Tírélà jíìpù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe nígbà ogun Hitler, ìdá mẹ́rin tọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí ẹrù wúwo síwájú díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Bó bá wúwo sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ á máa jù sọ́tùn-ún sósì, á sì máa wọ́ ọkọ̀ tó ń fà á. Ọ̀nà Ìkìrun sí Òkukù gba àárín ìlú kọjá. Ọmọ iléèwé wà níbẹ̀, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta iṣu létí títì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ rìn yí i ká, ẹ mi ìkọ́ rẹ̀, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn wo iná nígbà tí ẹ bá tẹ bírékì. Bí ẹyọ kan kò bá dá yín lójú, ẹ tú u sílẹ̀ nílé, kí ẹ háyà ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.